Ìwé Ìsìnkú Tí Dúrótìmí Tún Ṣe

Nígbà tí Bàbá Olúṣẹ̀yẹ Adétóyè jáde láyé, kò sẹ́ni tó béèrè ta ni yóò kọ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Ojú Àdìkẹ́ ni gbogbo ẹbí wò. Òun ni àbíkẹ́yìn, òun ló ń gbé Ọ̀fà, iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ló sì ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Dúrótìmí, wà ní Àbújá níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Dúrótìmí ní òun yóò gbọ́ ti pósí àti oúnjẹ àwọn àlejò, kí Àdìkẹ́ ṣáà mójú tó ìwé. Létí ẹni tó ń gbọ́ ọ, iṣẹ́ Àdìkẹ́ ló rọrùn jù.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ọmọ tó kọjá lábẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé a kì í fi àmì ìdí lẹ́tà ṣeré níwájú rẹ̀. Tí èèyàn bá kọ "oja" sílẹ̀ níbi tí "ọjà" yẹ kó wà, Bàbá á fi bírò pupa fà á yí ká, á ní lẹ́tà yìí jáde sígboro láìwọ ṣòkòtò. Àdìkẹ́ dàgbà sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó pinnu pé ìwé tí wọn yóò fi sin Bàbá kò ní ní lẹ́tà kan tí kò wọṣọ.

Láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀. Nígbà kan rí, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá a fi irú sọ́fítíwíà ìkọ̀wé tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì sí i, àṣé ẹ̀dà jíjí ni. Kò pẹ́ tí ìlà pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lókè, tó ń sọ pé èyí kì í ṣe ojúlówó. Lẹ́yìn náà ni fáírọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀, ó sì gbé ìbéèrè ìdánwò gbogbo kíláàsì rẹ̀ mì nígbà tí ìdánwò ku dẹ̀dẹ̀. Àdìkẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, ó dorí kodò. Abdulwasiu, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ náà, ló gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nu inú rẹ̀ mọ́, ó sì fi LibreOffice, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé mìíràn, sí i.

"Èló ni wọ́n ń tà á?" Àdìkẹ́ bi í.

"Ọ̀fẹ́ ni, Àǹtí."

"Ẹ̀dà jíjí mìíràn nìyẹn, àbí?"

"Rárá o. Àwọn tó ṣe é ló ní kí gbogbo ayé máa lò ó. Wọ́n tiẹ̀ ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè wò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Ẹ ò jalè, ẹ ò sì tọrọ."

Àdìkẹ́ ráhùn sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí pé kò mọ ibi tí wọ́n kó nǹkan sí. Nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n. Ó ń fi ṣètò ẹ̀kọ́, ó ń fi ka máàkì àwọn ọmọ, ó ń fi kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di ohun tí kì í rántí mọ́, gẹ́gẹ́ bí èèyàn kì í rántí ìgbálẹ̀ tó bá ń gbálẹ̀ dáadáa.

Inú rẹ̀ ló ti kọ ìwé ìsìnkú Bàbá. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó to àwọn orin, ó kọ oríkì, ó gba ọ̀rọ̀ ìdágbére Màmá sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi fọ́tò sí i. Nígbà tó parí, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun kà á.

Ó wà nídìí ààrò, ó ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí fóònù dún.

"Àdìkẹ́, kí lo fi ránṣẹ́ sí mi yìí?" Dúrótìmí ni.

"Ìwé ìsìnkú ni, Bọ̀ọ̀dá Dúró."

"Kò ṣí. Kọ̀ǹpútà mi ní òun ò mọ irú fáìlì tí èyí jẹ́."

Àdìkẹ́ rántí pé irú èyí tí LibreOffice fúnra rẹ̀ ń lò ni òun fi tọ́jú rẹ̀. Ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó tún un tọ́jú sí irú èyí tí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀, ó sì tún un fi ránṣẹ́. Kò tíì dé ìdí ẹ̀wà tí fóònù tún dún.

"Ó ti ṣí," Dúrótìmí sọ. "Àmọ́ kí ló dé tí Bàbá fi wà lórí orin?"

"Lórí orin báwo?"

"Fọ́tò Bàbá ni mò ń wí. Ó jókòó lé ẹsẹ kejì orin ìwọlé. Báwo ni àwọn èèyàn ṣe fẹ́ kọ ọ́?"

Àdìkẹ́ wo tiẹ̀. Bàbá wà ní àyè rẹ̀, ó wọ agbádá funfun, kò jókòó lé nǹkan kan. Ó so fọ́tò náà mọ́ ìpínrọ̀ rẹ̀ dáadáa kó má baà rìn mọ́, ó sì tún un fi ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí fọ́tò dúró, ṣùgbọ́n Dúrótìmí ti rí ohun tó fẹ́ sọ.

"Ṣé sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ yẹn lo ṣì ń lò?"

"Òun ni, sà."

"Mo ti sọ fún ọ. Ohun tí wọn ò bá tà fún èèyàn, àbùkù wà lára rẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì wa níbí, ojúlówó ni a ń lò."

Ó wà lẹ́nu Àdìkẹ́ láti béèrè ta ló ta afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú fún un. Ó gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀fọ̀ sì ṣẹ̀ wọ́n. "Ẹ ṣáà bá mi kà á," ó sọ. "Tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ pè mí, màá tún un ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan fáìlì yẹn fúnra yín."

Dúrótìmí fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kejì, ìwé náà padà dé bí ìyàwó tí wọ́n kun ojú fún títí tí ẹbí rẹ̀ ò fi mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ti fi òdòdó yí gbogbo ojú ewé ká. Ó ti yọ "Ètò Ìsìnkú" kúrò níwájú ìwé, ó fi "Àjọyọ̀ Ìgbé Ayé Rere" rọ́pò rẹ̀. Irú lẹ́tà kan tó lọ́ bí ìtàkùn, tó ní òun rí níbi ìwé ìgbéyàwó ọ̀gá òun, ló fi tún gbogbo ọ̀rọ̀ kọ. Àwọn òdòdó náà ti ti oríkì Bàbá lọ sí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ó ku ìlà kan péré níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Àdìkẹ́ lo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti tún un tò. Ó fi òdòdó díẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó yọ ìtàkùn kúrò, ó dá oríkì padà, ó sì fi ránṣẹ́. Ìwé náà padà dé pẹ̀lú ìtàkùn. Ó tún yọ ọ́. Ìtàkùn tún padà dé, Dúrótìmí sì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e pé kí àbúrò òun jọ̀wọ́ yé ba ẹwà iṣẹ́ náà jẹ́. Iná lọ nígbà tí Àdìkẹ́ ń ka ọ̀rọ̀ yẹn, láàpútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti gbó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ojú ẹ̀rọ dúdú náà. Ó ń payín keke.

Màmá wọn wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ti ń gbọ́ gbogbo ìpè wọ̀nyí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó sọ, "ṣé bàbá yín lẹ fẹ́ sin ni tàbí kọ̀ǹpútà?"

"Màmá, ẹ bá Bọ̀ọ̀dá Dúró sọ ọ́. Àwọn ni wọn ò jẹ́ kí n gbádùn."

"Òun náà pè mí láàárọ̀. Ó ní ìwọ ni o ò jẹ́ kí òun gbádùn."

Ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, Àdìkẹ́ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Abdulwasiu. Ó ní kí Àǹtí má fi fáìlì tó ṣeé tún ṣe ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bọ́tìnnì kan wà lókè LibreOffice tí yóò sọ ìwé náà di PDF. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, lẹ́tà àti fọ́tò yóò dúró síbi tí wọ́n wà, kọ̀ǹpútà ẹni yòówù kó jẹ́. Àdìkẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sórí fúláàṣì, ó sì pinnu pé òun kò ní bi ẹ̀gbọ́n òun léèrè nǹkan kan mọ́. Ó kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Habeeb tó ń tẹ̀wé, tí ẹbí ti bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Habeeb wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé etí ìwé. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí i.

"Mummy, ẹ káàárọ̀ mà. Iṣẹ́ yín ti parí."

Àdìkẹ́ dúró sójú kan. Fúláàṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ Bàbá ni. Bọ̀ọ̀dá yín fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Wọ́n ní èyí ló gbẹ̀yìn, pé àwọn ni àkọ́bí, kí n má dúró de ẹlòmíràn."

Ìdìpọ̀ ìwé náà wà lórí tábìlì, ó ń dán. Àdìkẹ́ mú ọ̀kan, ó ṣí i. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni orúkọ Bàbá. "Olú" wà níbẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn rẹ̀, àpótí kékeré òfìfo, àpótí mìíràn, lẹ́tà "y", àpótí. Ó wo ìsàlẹ̀. Níbi tó yẹ kó kọ Ọ̀fà sí, àpótí kan ló dúró níwájú "fà". Gbogbo ibi tí lẹ́tà tó ní àmì nídìí wà ló ti di àpótí. Ojú ewé tí oríkì wà dà bí ilé tí wọ́n ti yọ gbogbo fèrèsé rẹ̀.

"Habeeb, ṣé o rí èyí kó o tó tẹ̀ ẹ́?"

"Mo rí i, mà."

"Kí lo wá rò pé ó jẹ́?"

"Mo rò pé sítáì ni. Àwọn ará Àbújá máa ń ní sítáì tiwọn."

Àdìkẹ́ fẹ́ bínú sí i, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fún ọkùnrin náà ló tẹ̀. Wọ́n jọ wo fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ibẹ̀ ni Àdìkẹ́ ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà bí ìtàkùn tí Dúrótìmí fẹ́ràn yẹn kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Kọ̀ǹpútà tuntun ti Dúrótìmí ti ń dọ́gbọ́n yá àwọn tó kù láti inú irú lẹ́tà mìíràn, kò sì sọ fún olówó rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Habeeb ti gbó, kò rí ibi tó ti fẹ́ yá nǹkan, ló bá fi àpótí sí àyè wọn.

"Kò le, mà," Habeeb sọ. "Ẹ jẹ́ kí n fi lẹ́tà lásán rọ́pò àwọn àpótí yẹn kíá. Kò ní pẹ́ rárá."

Kí Àdìkẹ́ tó dá a lóhùn, Habeeb ti ṣe ojú ewé kan. Ọ̀rọ̀ ìdágbére Màmá ni. Ohun tí Màmá sọ ni "Ọkọ mi ọ̀wọ́n". Èyí tó wà níwájú wọn báyìí ni "Oko mi owon".

"Kà á jáde bó o ṣe kọ ọ́," Àdìkẹ́ sọ.

Habeeb wò ó, ó fọwọ́ pa orí. "Àwọn èèyàn á ṣáà mọ̀ pé ọkọ ni wọ́n ń sọ, mà."

"Bàbá mi ò ní mọ̀ ọ́n."

Ó fún un ní fúláàṣì, pé kó tẹ èyí tó wà níbẹ̀. Habeeb gbà á, àmọ́ kò fi sínú ẹ̀rọ. Ó ní ìwé dídán ti tán, òun yóò ránṣẹ́ sí Ìlọrin fún òmíràn, ìyẹn kò nira. Ohun tó nira ni pé òun kò fẹ́ tẹ èyí tán kí Bọ̀ọ̀dá tún fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́.

"Ẹ lọ fẹnu kò sí ọ̀kan, mà. Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì bá fọwọ́ sí ni màá tẹ̀."

Àdìkẹ́ kò lè sọ pé ó ṣì í sọ. Ó mú ẹyọ kan nínú ìwé alápòótí náà, ó sì padà sílé. Ó pe Dúrótìmí lójú ọ̀nà, wọn ò gbé e. Dúrótìmí ti wà nínú ọkọ̀, ó ń bọ̀ wá sílé.

Ọ̀sán ti yẹ̀ díẹ̀ kí Dúrótìmí tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, Màmá fọwọ́ lé e léjìká, ó fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n fún un ní omi mu tán, Àdìkẹ́ gbé ìwé náà lé e lórí itan. Dúrótìmí ṣí i. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ rẹ ló fà á," ó sọ.

Àdìkẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Bọ̀ọ̀dá Dúró, ọ̀dọ̀ yín ni fáìlì yìí ti lọ sọ́dọ̀ Habeeb. Inú ojúlówó yín ló ti jáde. Kò kan ọ̀dọ̀ mi rárá."

"Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó pé."

"Ó pé lórí tiyín. Ṣé orí tiyín ni àwọn èèyàn fẹ́ wá kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

Dúrótìmí fa láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀ jáde nínú báàgì, ó ní òun yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ kí gbogbo ilé rí i. Ó tàn án. Ó ṣí ìwé náà. Kọ̀ǹpútà sọ fún un pé owó tí wọ́n ń san lórí sọ́fítíwíà náà ti tó san, pé ó lè máa ka ìwé, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i. Dúrótìmí ní ọ́fíìsì ló yẹ kó ti san án. Ó fẹ́ san án fúnra rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí bíríbírí. Ó bọ́ sí ìta, ó na fóònù sókè lábẹ́ igi máńgòrò, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó padà wọlé. Ó tún un gbìyànjú. Ó ń sọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà náà lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Àdìkẹ́ ń wò ó. Ó ti múra ọ̀rọ̀ tó pọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀, àmọ́ nígbà tó rí i bí òógùn ṣe bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, tó ṣì wọ bàtà tó fi rin ìrìn àjò, gbogbo rẹ̀ sú u. Ó gbé láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀ sórí tábìlì, ó fa àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wá jókòó," ó sọ. "Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é."

Dúrótìmí jókòó. Ó kọ́kọ́ fẹ́ jẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ló ń darí iṣẹ́. Ó ní kí Àdìkẹ́ tẹ ibí, wọn ò rí ibẹ̀. Ó ní bọ́tìnnì náà wà lápá ọ̀tún, kò sí lápá ọ̀tún. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí ni àwọn èèyàn wọ̀nyí rò tí wọ́n fi kó gbogbo nǹkan pamọ́ báyìí. Àdìkẹ́ ní wọn ò kó o pamọ́, ibi tó wà ni ẹ̀gbọ́n òun kò mọ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà Dúrótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò Bàbá.

"Mi ò sí níbí nígbà tí Bàbá ń ṣàìsàn," ó sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìwọ lo ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ ní ọsibítù. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Tí mo bá ti jí láàárọ̀, mi ò mọ nǹkan tí mo lè ṣe. Ìwé yẹn nìkan ló wà níwájú mi. Mo kàn ń fọwọ́ kàn án ṣáá."

Àdìkẹ́ kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ní òun kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bi í léèrè bóyá ó ní fọ́tò mìíràn tó dára ju ti agbádá lọ. Dúrótìmí wá inú fóònù rẹ̀. Ó rí ọ̀kan tí Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín níbi eré ìje àwọn ọmọ ilé ìwé, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà rẹ̀ ti fẹ́ já bọ́. Wọ́n fi ìyẹn sí iwájú ìwé. Òdòdó dúró sí igun méjì. Ìtàkùn kò padà wá.

"Ó yá, ẹ kà á sí mi létí," Màmá sọ láti orí àga rẹ̀.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Ẹ ti ń jù ú síra yín láti ọjọ́ yìí wá, ẹnì kan ò kà á sí mi létí. Èmi ò sì rí lẹ́tà wínníwínní."

Àdìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Màmá ń mi orí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ pé Òjòkú ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba Bàbá síṣẹ́ olùkọ́, Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

"Bàbá fúnra wọn máa ń sọ̀rọ̀ Òjòkú, Màmá," Dúrótìmí sọ.

"Òjòkú ni ìkejì. Ẹ̀rìn-Ilé ni àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò tíì dá wàhálà tó báyìí sílẹ̀ láàárín ibẹ̀ àti Ọ̀fà. Ibẹ̀ ló ti rí mi. Ìta ilé wa ló máa ń gbà kọjá lọ sí ilé ìwé, á máa wo orí ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ fẹ́ sin ọkọ mi, ẹ wá yọ ibi tó ti rí mi kúrò."

Àdìkẹ́ wo Dúrótìmí, Dúrótìmí wo ilẹ̀. Gbogbo ìjà tí wọ́n jà lórí lẹ́tà àti òdòdó, kò sí ẹni tó rò ó pé ẹni tó mọ ìtàn náà jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n yọ gbólóhùn yẹn, wọ́n kọ òmíràn bí Màmá ṣe ń sọ ọ́. Àdìkẹ́ ń tẹ̀ ẹ́, Dúrótìmí ń dí i lọ́wọ́, ó ń tọ́ka sí ibi tí àmì kò tíì wọlé. Nígbà tí Màmá ní ó tó, Àdìkẹ́ sọ ọ́ di PDF. Kó tó fi ránṣẹ́, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi ohùn ara rẹ̀ sọ fún Habeeb pé èyí ni.

"Habeeb, èyí ni o," Dúrótìmí sọ sínú fóònù. "Kò sí òmíràn mọ́. Tí mo bá tún fi òmíràn ránṣẹ́, má dá mi lóhùn."

Ìwé dídán kò tètè ti Ìlọrin dé. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Habeeb fi ọ̀kadà gbé páálí ìwé náà wá, àwọn ìwé kan sì ń lẹ̀ mọ́ ara wọn torí pé wọn ò tíì gbẹ. Etí àwọn kan nínú wọn kò gún. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ, gbogbo ọ, gbogbo ṣ wọṣọ wọn. Dúrótìmí ló ka ìtàn ìgbésí ayé Bàbá. Nígbà tó dé ibi Ẹ̀rìn-Ilé, ó rọra kà á, àwọn ẹbí Màmá tó wà lápá òsì sì kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màmá bojú wo iwájú, ó ń to ìborùn rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wọ́. Nọ́ńbà orin ìparí kò tọ̀nà. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin kan, àwọn tó ń wo ìwé bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó sì gba ìgbà díẹ̀ kí àwọn tó pọ̀ jù tó borí. Àdìkẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wò ó. Kò sí sọ́fítíwíà tí wọ́n lè dá lẹ́bi. Kò kàn sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú àwọn méjèèjì.

Kí Dúrótìmí tó padà sí Àbújá, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Ó ní ọ́fíìsì ṣì ń fi òní dónìí fọ̀la dọ́la lórí owó tó yẹ kí wọ́n san, kí Àdìkẹ́ bá òun fi nǹkan ọ̀fẹ́ yẹn sí i, fún àwọn ìwé tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ìjọba. Abdulwasiu ló wá fi sí i fún un. Ó fara balẹ̀ fi ibi tí nǹkan wà hàn án, Dúrótìmí sì ń sọ pé ó yé òun kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìpè fi bẹ̀rẹ̀. Ó pè nígbà tí Àdìkẹ́ wà ní kíláàsì. Ó pè nígbà tó wà lọ́jà. Ó ní wọ́n ti gbé bọ́tìnnì kan kúrò. Ó ní fáìlì tí òun fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun kò ṣí, ọ̀rẹ́ náà sì ń bi òun léèrè irú sọ́fítíwíà wo ni òun ń lò. Lọ́jọ́ Sátidé, Àdìkẹ́ ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ní gbọ̀ngán, Màmá ń sùn nínú yàrá, ni fóònù tún dún.

"Àdìkẹ́, ibo ni wọ́n kó ibi tí wọ́n ti ń ka iye ọ̀rọ̀ sí?"

"Ibi tí wọ́n kọ Irinṣẹ́ sí lókè, Bọ̀ọ̀dá Dúró. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á ṣí sílẹ̀."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Kò sí níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Mo ní kò sí níbẹ̀. Ṣé o rò pé mi ò lójú ni?"

Àdìkẹ́ jẹ́ kí ohùn fóònù náà jáde síta, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tó ń máàkì, ó sì mú bírò pupa. Ọmọ kan ti kọ "eko" níbi tó yẹ kó kọ "ẹ̀kọ́". Ó fà á yí ká. Nínú fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ka orúkọ gbogbo ohun tó rí lókè ojú kọ̀ǹpútà jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá òun nìyẹn, Àdìkẹ́ sì ń dá a lóhùn pé rárá, ẹ máa bá a lọ.